Ẹni Tó Fún Àbàtà Ọlọ́pọ̀lọ́ Lọ́rùn

Ẹni tó bá wá gbọ́ ìtàn akin níhìn-ín, kí ó yáa dìde kí ọbẹ̀ rẹ̀ tó tutù nílé, nítorí ìtàn ẹni tí ẹ̀rù bà ni mo fẹ́ sọ. Ẹ̀rù bà mí nígbà tí mò ń lọ, ẹ̀rù bà mí nígbà tí mo débẹ̀, èyí tó wá tóbi jù nínú gbogbo wọn bà mí nígbà tí mò ń padà bọ̀, bẹ́ẹ̀ ilé ara mi ni mò ń bọ̀. Èmi Ọdẹ́yalé nìyí, ọmọ Moróhunmúbọ̀ tó ń hun ẹní. Ìwé kẹrin ni mo kà dé kí n tó gbé ìbọn, ẹ má retí kí n to ọ̀rọ̀ bí olùkọ́ ṣe ń to ìlà sójú pátákó. Bí mo bá ṣe rántí ni n ó ṣe sọ ọ́. Bí mo bá dúró, ẹ jẹ́ kí n mí. Àmọ́ kí ẹ tó máa fojú ojo wò mí, ẹ rántí pé ọwọ́ yìí ló pa ẹfọ̀n méjì nínú ọdún kan, ọwọ́ yìí náà ló gba ewúrẹ́ Baálẹ̀ lẹ́nu erè. Ọdẹ tó bá ní ẹ̀rù kò ba òun rí, ẹ bi í pé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ta ni ó wà lọ́jọ́ náà. Ẹ̀rù ló ń sọ ibi tí ejò wà fún ọdẹ. Mo ń bọ̀ nínú ọ̀rọ̀.

Ẹ mọ abúlé wa, Ìsàlẹ̀-Àbàtà. Àbàtà Ọlọ́pọ̀lọ́ ló bí i, òun náà ló ń tọ́ ọ. Inú rẹ̀ ni ẹja wa ti ń wá, etí rẹ̀ ni àkùrọ̀ wa wà tí a ti ń gbin ẹ̀fọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi rẹ̀ ló ń yọ́ rìn nísàlẹ̀ ilẹ̀ bọ́ sínú kànga wa, inú rẹ̀ sì ni ìyá mi ti ń gé oore, koríko gígùn tó fi ń hun ẹní. Àwọn ọ̀pọ̀lọ́ tó kún ibẹ̀ ló fún un lórúkọ. Bí òjò àkọ́kọ́ bá ti rọ̀, ariwo wọn kì í jẹ́ kí ọkọ gbọ́ ohun tí ìyàwó ń wí, ọ̀pọ̀ ìjà ló sì ti ipa bẹ́ẹ̀ parí. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, òjò rọ̀, ó tún rọ̀, ọ̀pọ̀lọ́ kan ṣoṣo kò ké. Ẹja bẹ̀rẹ̀ sí í léfòó, wọ́n kọ ikùn funfun sókè. Omi kànga ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́, inú sì ń run àwọn ọmọ wẹ́wẹ́.

Baálẹ̀ wa, Látúndé, pe gbogbo ilé jọ. Ó ní, "Ẹ̀yin ènìyàn mi, omi ni àwọn baba wa rí kí wọ́n tó dúró síbí. Bí omi bá ti kú, òkú la jókòó tì. A ó rán ènìyàn lọ wo àbàtà yìí. Ọjọ́ kẹta ni ká gbọ́. Bó bá jẹ́ pé ó ti kú, lọ́jọ́ kẹrin, a ó dẹrù lọ sí Òkè-Pupa. Ta ni yóò lọ?" Gbogbo wa ń wo ilẹ̀, nítorí kò sí ẹni tó ń wọ àárín àbàtà yẹn mọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti ní àwọn kan ń gbé ibẹ̀ tí wọn kì í ṣe ènìyàn. Sàláwù apẹja ló wá dojú ọ̀rọ̀ kọ mí. Ó ní, "Ẹ̀yin ìjọ, kí la ń wá kiri? Ṣebí Ọdẹ́yalé ló ń sọ fún wa lójoojúmọ́ pé òun àti iwin jọ ń jẹ iṣu sísun? Ọdẹ́yalé, bá wa lọ kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ." Wọ́n rẹ́rìn-ín, mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, ni gbogbo ojú bá dúró sára mi. Ẹ̀yin tó gbọ́n, ẹ ṣọ́ ẹnu yín. Ẹsẹ̀ kọ́ ló gbé mi dé àbàtà yẹn. Ẹnu mi ni.

Mo délé, mo sọ fún ìyá mi pé ó ṣeé ṣe kí a kó lọ. Kò gbójú sókè nídìí ẹní tó ń hun.

"Ẹ kú ọ̀nà o," ló wí.

"Màámi, gbogbo abúlé ni o."

"Gbogbo abúlé kọ́ ló fẹ́ mi. Bàbá rẹ ló fẹ́ mi, abẹ́ yàrá yìí ló sì sùn sí. Kí n wú u, kí n gbé e sínú apẹ̀rẹ̀?"

"Omi ibí ti di májèlé, Màámi."

"N ó mu ún díẹ̀díẹ̀."

Ẹ wò ó bí ọ̀ràn náà ṣe rí. Bí mo bá padà wá sọ pé àbàtà ti kú, ìyàwó àti ọmọ mi á kọrí sí Òkè-Pupa, arúgbó yìí á dá jókòó sínú abúlé tó ṣófo, á máa bu omi tó ń rùn mu. Èwo ni kí n bá lọ, èwo ni kí n bá dúró? Ọ̀rọ̀ yìí ló gbé mi rìn, kì í ṣe ti Baálẹ̀. Kí n tó jáde, ó fún mi ní abọ́ tánganran funfun kan tó fi okùn so. Ó ní, "Báyìí ni àwa tí à ń gé oore ṣe ń mọ bí ara rẹ̀ ṣe rí. Sọ abọ́ yìí sómi, máa tú okùn sílẹ̀ títí o kò fi ní rí funfun rẹ̀ mọ́, kí o wá wọn okùn náà. Nígbà èwe mi, ó ń tó ìdúró ènìyàn. Fa ẹrẹ̀ sókè, kí o gbóòórùn rẹ̀. Kí o sì yí ìdí ewé òṣíbàtà padà, bí ohun abẹ̀mí bá wà níbẹ̀, ká a. Má wo ojú omi o. Ojú omi máa ń purọ́."

N kò ní fi bí mo ṣe dáná àti bí mo ṣe sun iṣu da yín láàmú. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹni tí mo kọ́kọ́ pàdé. Níbi tí ilẹ̀ gbígbẹ parí sí, mo rí ohun kan tí mo pè ní igi, àfi bó ṣe ṣẹ́jú. Ó ga bí ọ̀pẹ. Ẹsẹ̀ kan ló fi dúró, ó ká èkejì mọ́ abẹ́ ìyẹ́. Ọrùn ẹyẹ àkọ̀ ló ní, ojú bàbá arúgbó tí oorun ń kùn ló wá wà lórí ọrùn ọ̀hún. Èmi tí mo pa ẹfọ̀n méjì, ẹ̀yìn ni mò ń fi rìn. Mo na ìbọn. Ó wo ìbọn náà títí, ó yán.

"Gbé igi yẹn kúrò lójú mi," ló wí. "Èmi ni oníbodè. Irọ́ ni mo ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ kọjá. Mú irọ́ kan tí o ti ń pa nílé wá. Bí o bá ti fún mi, o kò gbọ́dọ̀ pa á mọ́ títí o ó fi kú."

"Bàbá, èmi kì í purọ́."

"Èyí kéré. Mú òmíràn wá."

Ẹ̀yin ará, ẹ dákẹ́ ẹ̀rín. Ẹ rántí ẹkùn tí mo máa ń sọ pé mo fi ọwọ́ lásán fún pa lẹ́yìn oko Látúndé? Ó ti kú kí n tó débẹ̀. Àtẹ̀gùn ló wó igi lé e lórí, èmi kàn gbé e wálé ni. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo ti ń jẹ ẹran lórí ìtàn yẹn. Mo sọ ọ́ fún oníbodè, omi ń bọ́ lójú mi bí ẹni tó ń sin òkú. Ó ya ẹnu gbọọrọ rẹ̀, ó gbé irọ́ náà mì, mo rí i tó ń bọ́ sísàlẹ̀ ọrùn rẹ̀ gbùúgbùú bí ẹja ńlá.

"Irọ́ tó sanra dáadáa nìyí," ló wí. "Mo máa fún ọ ní èrè orí rẹ̀. Ẹ̀yin ènìyàn máa ń pa á lówe pé àbàtà takété bí ẹni pé kò bá odò tan. Ṣé lóòótọ́ ni wọn kò tan?"

"Wọ́n tan, Bàbá."

"Bí ara ọmọ ọwọ́ kò bá yá, ta la ń bi léèrè?"

"Ìyá rẹ̀."

"Ẹ̀yin wá dìde ní abúlé, ọmọ ọwọ́ lẹ̀ ń bi. Kọjá."

Mo kọjá, n kò mọ ohun tó wí. Bí ẹ̀rù bá wà nínú etí, ọ̀rọ̀ kì í ráyè wọlé. Mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí ìyá mi rán mi. Mo sọ abọ́ sómi. Kò tíì tó ìgbọ̀nwọ́ kan tí omi dúdú fi gbé e pamọ́. Mo tún un sọ níbòmíràn, bákan náà ni. Mo fa ẹrẹ̀, òórùn rẹ̀ tì mí sẹ́yìn. Mo yí ogún ewé òṣíbàtà padà, lábẹ́ ogún ewé náà, ìgbín omi kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ìkarahun rẹ̀ rọ̀ bí èékánná ọmọ tuntun. Kò sí lámilámi kan lókè omi. Bẹ́ẹ̀ lójú, gbogbo ibẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, ojú oró tẹ́ lórí omi bí ẹní tuntun, ẹni tó bá dúró lókèèrè á ní, ẹ ò rí i bó ti lẹ́wà. Mo jókòó sórí gbòǹgbò kan, mo ka ìgbín ọ̀hún: ọ̀kan. Mo tún un kà. Mo ń wo ìyá mi lọ́kàn, níbi tó ti ń bu omi díẹ̀díẹ̀.

Ni gbòǹgbò tí mo jókòó lé bá mí. Ó fẹ̀, ó sún kì. Mo fò dìde. Kì í ṣe gbòǹgbò. Ọ̀pọ̀lọ́ ni, ó tóbi bí odó tí obìnrin mẹ́ta ń gún, awọ rẹ̀ ti gbẹ, ó ti sán bí àtẹ́lẹsẹ̀ ẹni tó rìn jìnnà. Bí mo ṣe wo ẹ̀gbẹ́, ọ̀pọ̀lọ́ wẹ́wẹ́ ló yí mi ká, ẹgbẹ̀rún lọ́nà mélòó n kò mọ̀, gbogbo wọn ya ẹnu, ohùn kankan kò jáde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fojú inú wò ó. Ariwo ò bani lẹ́rù tó ẹnu tó là sílẹ̀ tí kò sọ nǹkan.

"Ìwọ ni dókítà?" ni ìyá ọ̀pọ̀lọ́ bi mí, èémí ń já mọ́ ọn lọ́nà ọ̀fun.

"Rárá o, ìyá. Ọdẹ ni mí."

"Ọdẹ! Ẹni tó ń pa nǹkan ni wọ́n rán wá wo aláìsàn. Kí lo wá rí?"

"Mo rí i pé... ẹ má bínú, ìyá. Mo rí i bí ẹni pé ẹ ti kú."

"Bí mo bá ti kú, ta ni o jókòó lé lórí láti àárọ̀? N kò kú. Wọ́n fún mi lọ́rùn ni."

"Ta ni?"

"Ẹni tó fún mi lọ́rùn kò sí níhìn-ín. Ó lọ, ó gbàgbé ọwọ́ rẹ̀ sí mi lọ́rùn. Gbogbo ènìyàn tó ń kọjá ló ń rí ọwọ́ náà, ṣe ni wọ́n ń kí i. Lọ tú u. Bí oòrùn bá sọ̀ kalẹ̀ kan orí igi àràbà tó wà lọ́hùn-ún yẹn tí o kò tíì tú u, àwọn ọmọ mi á fà ọ́ wọlẹ̀, a ó jọ mọ bí ó ti rí kí èémí má jáde."

Ọ̀rọ̀ oníbodè wá là sí mi lórí: ẹ bi ìyá rẹ̀, odò sì ni ìyá àbàtà. Ọrùn àbàtà ni ẹnu ibi tí odò ti ń wọ inú rẹ̀! Mo kọrí sí apá òkè, mò ń sáré, àwọn ọ̀pọ̀lọ́ ń fò tẹ̀ lé mi láìsọ̀rọ̀. Ìkánjú ni kò jẹ́ kí n wo ilẹ̀. Ẹrẹ̀ gbà mí dé itan, mo jà, ó gbà mí dé ìdí. Bí mo ṣe ń jà ni mò ń wọlẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ọmọ obìnrin tó ń gé oore ni mí, irú wọn kì í dúró lórí ẹrẹ̀, ṣe ni wọ́n ń tẹ́ ara wọn lé e bí ẹní. Mo fi ìbọn dábùú ẹrẹ̀ níwájú mi, mo dojú bolẹ̀ lé e, mo na apá, mo wá ń wọ́ bí ọ̀nì tó ti darúgbó. Ẹni tó pa ẹfọ̀n méjì ń fi àyà fà. Ẹnu mi kún fún ẹrẹ̀. Oòrùn ń sọ̀ kalẹ̀.

Mo dé ẹnu odò. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, kò sí ẹnu níbẹ̀. Ọgbà ìpẹja kan ló dí i, èyí tí wọ́n fi òpó igi àti imọ̀ ọ̀pẹ ṣe, irú tí a ń kọ́ kí ẹja lè máa já sínú ìgèrè, apẹ̀rẹ̀ tí a fi ń mú ẹja. Ìgèrè ti jẹrà kúrò níbẹ̀ tipẹ́, àmọ́ àwọn òpó ti hù, wọ́n ti ta gbòǹgbò, ewé, ìtì igi, iyanrìn àti ọ̀rá ọlọ́dún gbọọrọ sì ti kó jọ sẹ́yìn wọn di odi. Odò ti yà kúrò, ó ń lọ síbòmíràn. Àbàtà kò rí omi tuntun mu, ti àtijọ́ ló ń jẹrà sí i nínú. Ojú ọ̀nà tí àwọn apẹja ń gbà lọ sódò ńlá kò ju ogún ìṣísẹ̀ lọ síbẹ̀. Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kò yọ igi kan? Mo gbójú sókè, mo rí ìdí. Wọ́n pa ààlè síbẹ̀. Ẹ mọ̀ ọ́n, àmì tí a ń so mọ́ nǹkan wa kí ẹlòmíràn má baà fọwọ́ kàn án, ẹni tó bá sì kọtí sí i, ohun tó bá rí kó fara mọ́ ọn. Àkísà pupa ló wà níbẹ̀, ìkarahun ìgbín àti awẹ́ bàtà kan. Ẹni tó pa á nìkan ló gbọ́dọ̀ tú u. Ọmọ kékeré mọ bẹ́ẹ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣépè fún ẹni náà. Mo ní ìka rẹ̀ á rọ. Mo ní ìkà ni. Mo wá na ọwọ́, mo yí awẹ́ bàtà náà padà. Wọ́n fi okùn rán gìgísẹ̀ rẹ̀ lọ́nà mẹ́ta, ọ̀nà tí kò bójú mu, bí ẹni tí kò mọ bàtà rán. Ẹ jẹ́ kí n mu omi díẹ̀. Èmi ni mo rán bàtà yẹn. Ọdún méjìlélógún sẹ́yìn, kí n tó di ọdẹ, mo fẹ́ máa pẹja. Mo kọ́ ọgbà, mo pa ààlè sí i. Kò tó oṣù kan tí wọ́n fi gbé ìbọn lé mi lọ́wọ́, mo yí padà, n kò tún bojú wẹ̀yìn. Ọwọ́ mi ló wà lọ́rùn àbàtà láti ìgbà yẹn, èmi ni mo sì ń ṣépè.

Oòrùn ti ń sún mọ́ orí àràbà. Mo tú okùn náà, mò ń bẹ ààlè ara mi. Mo fi àdá gé òpó àkọ́kọ́, mo gé èkejì. Nígbà tí mo gé ẹ̀kẹta, odi náà sọ̀rọ̀, ó ní gìrììì! Odò dé. Ó gbé mi, ó yí mi bí àgbàdo nínú ìkòkò, ìtì igi kan gbá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́, n kò mọ òkè yàtọ̀ sí ìsàlẹ̀ mọ́, àfi bí mo ṣe gbá igi abura kan mọ́ra, tí mo gùn ún bí ọ̀bọ. Láti orí ibẹ̀ ni mo ti rí i tí omi pupa ń rọ́ wọ inú omi dúdú. Nígbà tí oòrùn kan orí àràbà, ìyá ọ̀pọ̀lọ́ léfòó nísàlẹ̀ igi mi, awọ rẹ̀ ti tutù. Ó wò mí, mo ní ayé mi ti tán. Ó fa èémí kan, gígùn, èyí tí mo rò pé kò ní parí, ó sì rì lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Kò dúpẹ́. Ta ló ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó yọ ọwọ́ kúrò lọ́rùn ẹni?

Mo dúró níbẹ̀ ní ọjọ́ kejì, mò ń kó igi kúrò lẹ́nu odò. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, mo sọ abọ́ sómi. Ó lọ, ó ń lọ, funfun rẹ̀ kò sọnù títí okùn fi tó ìgbọ̀nwọ́ méjì. Kò tó ìdúró ènìyàn, àmọ́ ó ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹrẹ̀ ṣì ń rùn, kò kàn tì mí sẹ́yìn mọ́ ni. Mo rí lámilámi kan, ó bà lé etí abọ́. Bí mo ṣe gbé ẹsẹ̀ láti máa lọ, ohun kan ké nínú oore, ìgbà kan péré. Mo dúró títí. Kò ké mọ́.

Ìgbà náà ni ẹ̀rù ńlá wá dé. Wọ́n á bi mí pé ta ló ṣe é. Ẹja tó kú, inú tó ń run ọmọ, gbogbo rẹ̀ á wá sórí mi. Mo dé àgbàlá Baálẹ̀, ẹrù ti wà lórí ẹrù, ìyá àgbà méjì ti jókòó lórí àpótí wọn. Mo ní, "Ó wà láàyè. Àìsàn rẹ̀ pọ̀, àmọ́ ó ti ń mí. Ọgbà ìpẹja kan ló dí ẹnu odò, mo ti tú u." Mo rò ó pé kí n dúró níbẹ̀.

Sàláwù pariwo. Ó ní, "Ọgbà aláàlè pupa? Mo mọ̀ ọ́n! Ọdọọdún ni mo ń kọjá níbẹ̀. Mo máa ń ṣí fìlà fún un! Mo ní ẹni tó pa ààlè tó pẹ́ tó báyìí, ọkùnrin burúkú gbáà ni. Ta ni?"

 "Èmi ni," mo wí.

 Sàláwù wò mí látòkè délẹ̀, ẹrẹ̀ gbẹ sí mi lára, ewé wà nínú irun mi. Ó ní, "Ìwọ? Ìwọ Ọdẹ́yalé ni mo ń ṣí fìlà fún láti gbogbo ọdún yìí wá?" Ó jókòó sílẹ̀, ó fi ọwọ́ bo ojú, èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, mo rò pé ẹkún ni. Ẹ̀rín ni. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá àgbà náà bá a rín in, ó di ti gbogbo ilé. Baálẹ̀ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀bi rẹ ni, ẹ̀bi gbogbo wa ni. Ìwọ gbàgbé, àwa tí a rí i, a bẹ̀rù. Ìwọ lo máa tún ẹnu odò yẹn ṣe lọ́dọọdún títí ọjọ́ ogbó rẹ. Kí olúkúlùkù tó bá ní ààlè nígbó lọ wò ó kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Ẹ gbé ẹrù yín wọlé. A ṣì máa se omi kí a tó mu ún." Mo dọ̀bálẹ̀, mo sì pẹ́ nílẹ̀, nítorí ilẹ̀ náà dùn mọ́ mi.

Mo gba ilé lọ. Ìyá mi wà níbi tí mo fi í sí. Kò di nǹkan kan. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un, ti bàtà, ti ọgbà, n kò yọ ọ̀kan sílẹ̀. Kò bá mi wí. Ó bi mí bí okùn ṣe gùn tó, mo wí fún un. Ó bi mí bí ẹrẹ̀ ṣe ń rùn.

"Ọ̀pọ̀lọ́ mélòó lo gbọ́?"

"Ọ̀kan, Màámi. Ìgbà kan ló ké."

Mo rò pé ojú rẹ̀ á fà ro. Ó gbé oore mìíràn, ó ki í bọ inú ẹní, ó fà á le.

"Akọ nìyẹn," ló wí. "Akọ kì í ké bí kò bá mọ̀ pé abo wà nítòsí."

Mo jókòó tì í lórí ilẹ̀. Ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n gan-an, ó sì rí i, n kò fi pamọ́.